Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan sí Omi Olúmirin: Aago Tí A Ó Yí Padà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àárín ìlú Ìbàdàn sọ)

  

Ẹ ti mọ̀ wá mọ́ ìwé. Bí ìsípẹ́kítọ̀ bá ti wọlé ìpàdé, ìwé owó, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé àti orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè tí wọn kò tíì san ni ọkàn olúkúlùkù máa ń lọ sí. Lónìí, ọ̀rọ̀ òkè àti omi ni wọ́n ní kí á bá yín sọ. Àwọn ẹgbẹ́ kan nínú yín fẹ́ kó ọmọ ẹgbẹ́ lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n bi wá bóyá ó tọ́. Àwọn àgbà kan ti dá wọn lóhùn kí á tó dé. Wọ́n ní ìnáwó òfo ni, pé omi kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn tí a ó fi wọ mọ́tò lọ wò ó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tí ó bá ti ru garawa kiri Bẹ́yẹrúnkà rí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lè bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Tiwa ni pé ó tọ́. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í rí ara wọn àfi ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń san owó, tàbí ọjọ́ tí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀yáwó, bí ìjà bá dé sáàárín wọn, kò sí okùn tí yóò so wọ́n mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jùmọ̀ rìn, kí wọ́n jùmọ̀ jẹun, kí wọ́n jùmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a kò ní fọwọ́ sí ìrìn-àjò kankan tí a kò bá rí aago kan báyìí lórí ìwé ètò rẹ̀. Kì í ṣe aago tí ẹ ó gbéra; ìyẹn, gbogbo ènìyàn ní ń kọ ọ́. Aago tí ẹ ó yí padà ni. A ó ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí a ń lọ.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ni àwa àti wọn títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, tí ìjọba àpapọ̀ yọ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́. Bí a bá gbéra ní Ọjà'ba, a ó gba Ẹ̀gbẹ́dá, a ó kọjá odò ní Àsèjíre, a ó kọjá Ìkirè àti Gbọ̀ngán, a ó dé Ifẹ̀, láti Ifẹ̀ a ó dé Iléṣà. Ní Iléṣà, ọ̀nà Àkúrẹ́ ni a ó mú, a ó sì yà kúrò lójú títì lọ sí Ẹ̀rìn. Ó ju 100 kìlómítà lọ dáadáa. Bí ọ̀nà bá dára, bí a bá sì dúró lẹ́ẹ̀kan kí àwọn èrò tura, ẹ ka wákàtí 3 àbọ̀ sí i ní àlọ, kí ẹ ka iye kan náà sí i ní àbọ̀. Dẹ́rẹ́bà tí ó bá sọ fún yín pé wákàtí 2 ni òun yóò fi dé ibẹ̀, òun gan-an ni kí ẹ má ṣe gbà.

Omi náà ń ti orí òkè já bọ́ bí ọ̀ṣọọrọ̀ òjò, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpele 7 ni ó ní. Yóò já láti orí àpáta kan, yóò ṣàn díẹ̀ láàárín igbó, yóò tún já. Àpáta àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n le gan-an, omi kò rí i jẹ bí ó ti ń jẹ ilẹ̀ tí ó rọ̀. Ìdí nìyẹn tí odò fi ń fò níbẹ̀ dípò kí ó máa rọra sọ̀kalẹ̀. Ìpele kìn-ín-ní kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí a ti ń gba owó ìwọlé. Arúgbó tí ó lè ti ilé rẹ̀ rìn dé ọjà lè dé ibẹ̀ tí a bá mú un lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà ń le sí i ni. Ní àwọn ibòmíràn, gbòngbò igi ni àtẹ̀gùn, ara àpáta sì ni ìdìmú. Lórí pátápátá, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Abàkẹ́, tí ó ti bọ́ sí apá Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lọ wo omi yìí kì í dé ibẹ̀. Ìpele kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n ti máa ń jókòó, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìtàn àwọn ará Ẹ̀rìn sọ pé obìnrin kan, Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó rí omi náà nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ti Ifẹ̀ bọ̀ wá tẹ ìlú dó. Wọ́n ka omi náà sí mímọ́, wọ́n sì ń bọ ọ́. Omi Arinta tún wà ní Ìpólé-Ìlórò ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, èyí tí kò jìnnà púpọ̀ sí ti Ẹ̀rìn, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ń sọ pé kí a kúkú wo méjèèjì pọ̀. Rárá o. Ọ̀kan tó ọjọ́ kan.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun fún ọmọ Ìbàdàn. Ogun ni àwọn baba wa fi ń rìn ín. Ní 1870, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kó Iléṣà. Láti 1877 di 1893, ogun Kírìjì mú àwa àti Èkìtìparapọ̀ dúró lójúkojú láàárín àwọn òkè apá ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà òwò ni àwọn Ìjẹ̀ṣà náà gbà tọ̀ wá wá. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín kò ní ṣàì mọ àwọn Òṣómàáló, àwọn aláṣọ tí ń tà láwìn, tí yóò sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi jáde. Bí a bá ń ka ìwé gbèsè àwọn ẹgbẹ́ kan nínú yín, a máa ń rántí wọn tìfẹ́tìfẹ́. Ohun tí a fẹ́ fi èyí sọ ni pé àlejò ni a ó jẹ́ ní Ẹ̀rìn. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ síwájú kí wọ́n mọ̀ pé a ń bọ̀, kí á béèrè bóyá ọjọ́ tí a mú kò bọ́ sí ọjọ́ ọdún wọn, kí á sì gba ọmọ ìlú tí ó mọ ọ̀nà òkè láti ṣamọ̀nà wa. Owó tí a ó fún un kì í ṣe ohun tí à ń ná ní ẹ̀nà-án-nà lójú agbo. Kí ó ti wà nínú ètò owó láti ilé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ aago.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ṣe ètò láti òwúrọ̀ lọ sí alẹ́. Wọ́n á ní aago 6 ni a ó gbéra, aago 10 ni a ó dé, a ó gun òkè, a ó jẹun, a ó padà. Ibi tí wọ́n kọ “a ó padà” sí yìí, kò sí nọ́ńbà níwájú rẹ̀. Àwa ní kí ẹ yí i po. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ bọ̀ wá sí òwúrọ̀. Ní oṣù Kọkànlá, oòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí aago 6 àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. A kò fẹ́ kí òkùnkùn bá wa lójú títì, nítorí ewu ọ̀nà lóru kò ṣe é kà tán: ọkọ̀ ńlá tí ó kú sójú ọ̀nà tí kò ní iná, kòtò tí a kò rí, àti àwọn ẹni ibi. Nítorí náà, aago 6 ìrọ̀lẹ́ kí á ti wà nílé, tàbí kí á ti máa wọ ìlú. Ẹ yọ wákàtí 3 àbọ̀ kúrò: aago 2 àbọ̀ ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí ní Ẹ̀rìn. Kí ọkọ̀ tó ṣí, a ó pààrọ̀ aṣọ tí ó tutù, a ó fi nǹkan sẹ́nu, a ó ka orí ènìyàn. Ọmọ Ìbàdàn kì í ṣe èyí ní ìṣẹ́jú 10. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 45. Ó di aago 2 ku ìṣẹ́jú 15 tí ẹni ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ti dé ìsàlẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ láti ìpele kẹta tàbí ìkẹrin lè gbà tó ìṣẹ́jú 45 pẹ̀lú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti ń gbọ̀n. Nítorí náà, aago 1 ọ̀sán ni aago ìyípadà. Bí aago 1 bá ti lù, ibikíbi tí olúkúlùkù bá dé, ibẹ̀ ni òkè rẹ̀ parí sí.

Ẹ ó rí i pé a kò béèrè ìpele wo ni a fẹ́ dé. Aago ni ó ń pinnu ìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn.

Ẹnì kan lè sọ pé ìsípẹ́kítọ̀ ti sọ òkè di ìwé owó. Ẹ jẹ́ kí á mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Òkè tí ó ga jù lọ ní ayé ni Everest, láàárín Nepal àti Ṣáínà. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 8,800. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1996, àwọn ẹgbẹ́ agunkè kan ń gbìyànjú láti dé orí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Owó gọbọi ni àwọn èrò wọn ti san. Àwọn tí ń ṣamọ̀nà wọn mọ̀ dájú pé ẹni tí kò bá tíì dé orí òkè ní aago 2 ọ̀sán, ó yẹ kí ó yí padà. Àwọn kan yí padà, wọ́n sì wà láàyè. Àwọn mìíràn rí i pé orí òkè ti sún mọ́ tòsí, wọ́n rántí owó, wọ́n rántí ilé tí wọ́n ti fọ́nnu, wọ́n ń lọ. Ìjì òjò dídì dé ní ìrọ̀lẹ́. Ènìyàn 8 ni ó kú lórí òkè náà láàárín ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì, àwọn olórí amọ̀nà méjì sì wà lára wọn. Àwọn olórí wọ̀nyí kì í ṣe òpè. Wọ́n ti gun òkè náà rí. Òkè Ẹ̀rìn kì í ṣe Everest, kò sí òjò dídì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ń mú ènìyàn sọ pé “ó ku díẹ̀” kan náà ni ní ibi gbogbo, ẹ sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó jẹ yín ní gbèsè.

Nítorí náà, ẹni tí yóò pe aago náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a lè bínú sí. Ẹ má fi alága ṣe é, nítorí alága ń fẹ́ ìbò lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ yan ẹnì kan nínú ìpàdé, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ń lọ sì fọwọ́ sí i pé bí ẹni yìí bá fọn fèrè, àwọn yóò yí padà láìjiyàn. Kí ó ní fèrè ní tòótọ́, irú èyí tí rẹfirí bọ́ọ̀lù ń fọn, nítorí ariwo omi kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn lásán.

Ti omi fúnra rẹ̀ ni ó kù. Ìgbà méjì ni ọdún ń tan ènìyàn jẹ. Ní oṣù Kejì àti Ìkẹta, ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà òkè dára, ṣùgbọ́n omi ti dín kù, àwọn ènìyàn á sì máa béèrè pé ṣé èyí náà ni a wá wò. Ní oṣù Kẹfà, Ìkeje àti Ìkẹsàn-án, omi pọ̀, ó ń bú ramúramù, ojú rẹ̀ sì lẹ́wà láti wò, ṣùgbọ́n gbogbo àpáta ń yọ̀. Ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ni a fara mọ́: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi kò sì tíì lọ.

Ohun kan wà tí ẹni tí a bí sí àárín ìlú kò lè mọ̀ àfi kí a sọ fún un. Òjò lè máa rọ̀ lókè ní apá Ẹ̀fọ̀n nígbà tí oòrùn ń ràn yòò ní ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí. Omi òjò náà yóò sọ̀kalẹ̀ wá bá yín, kò sì ní kan ìlẹ̀kùn. Bí omi tí ó mọ́ bá ṣàdédé di aláwọ̀ ilẹ̀, bí ewé àti igi wẹ́wẹ́ bá ń bá a bọ̀, bí ariwo rẹ̀ bá yí padà, kí ẹ má dúró wo ohun tí ó fà á. Kí gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi jáde, kí wọ́n gun ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe kí wọ́n sáré tẹ̀ lé ojú odò lọ sísàlẹ̀. Àwọn tí ó wà ní òdìkejì kò gbọdọ̀ sọdá padà. Kí wọ́n dúró síbẹ̀ títí omi yóò fi fà.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ́ sínú ibú tí omi ń já sí. Omi tí ń já bọ́ láti òkè ń gbẹ́ ihò sí abẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń ti ohun tí ó bá bá níbẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ ní odò tí ó parọ́rọ́ kò tíì mọ èyí. Òkúta wà nísàlẹ̀ tí ojú kò rí. Ẹ wẹ ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìrì omi fẹ́ sí yín lára, ìyẹn ti tó ìgbádùn. Ibi tí omi ń bù nígbà gbogbo lára àpáta máa ń ní ohun aláwọ̀ ewé tí ń hù lórí rẹ̀, yíyọ̀ rẹ̀ ju ti ọṣẹ lọ. Orí rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń ya fọ́tò máa ń lọ dúró sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ó dúró sí.

Àwọn wo ni yóò lọ? Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ọkọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò gun òkè. Ẹ pín wọn sí méjì láti ilé, kí ó má di àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, àwọn tí oókan ń dùn tàbí tí àyà wọn ń já, aboyún, àwọn tí ikọ́ fée ń mú, àti àwọn àgbà tí orúnkún ń kọ̀ sí lẹ́nu, ìpele kìn-ín-ní ni kí wọ́n jókòó sí. Omi náà kò kéré níbẹ̀. A mọ̀ pé yóò ṣòro fún bàbá tí ó jẹ́ akíkanjú ní ìgbà èwe rẹ̀ láti gbà pé kí ọmọ òun lọ, kí òun dúró. Ẹ fún un ní iṣẹ́: òun ni kí ó mú ìwé orúkọ, kí ó máa sàmì sí àwọn tí ó gòkè àti àwọn tí ó sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé 22 gòkè, tí 21 sì sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ kò ní ṣí.

Àwọn tí yóò gòkè, kí wọ́n pín ara wọn ní márùn-ún-márùn-ún, kí márùn-ún kọ̀ọ̀kan ní olórí, kí ẹni tí ó lọ́ra jù nínú wọn sì máa ṣíwájú. Bí ẹ bá fi ọ̀dọ́ tí ó ń fò bí ọ̀bọ ṣíwájú, kí iwájú tó mọ̀, ẹ̀yìn á ti ṣubú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, kí àgbà kan ṣoṣo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ó má di ọwọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Ẹ dán ara yín wò kí ọjọ́ tó pé. Ọlọ́run fún wa ní òkè ní àárín ìlú. Láti 1929 ni Gbọ̀ngàn Màpó ti dúró lórí òkè rẹ̀. Ẹ rìn láti Bẹẹrẹ lọ sí Màpó, kí ẹ gun àtẹ̀gùn rẹ̀, kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tún gùn ún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́ẹ̀kejì, tí kò lè sọ̀rọ̀ já geere, kí ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó fi orúkọ sílẹ̀ fún ìpele kejì. Owó kankan kò bá a lọ.

Ti aṣọ, bàtà kanfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dárí jì wá: ìró kò ṣe é gun àpáta. Ẹ wá ṣòkòtò, ẹ lè ró aṣọ padà bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀. Agbádá kò sí lára ètò. Oúnjẹ tí kò ní wúwo nínú ni kí ẹ jẹ ní òwúrọ̀: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí búrẹ́dì. Àmàlà ń dúró dè yín ní ìrọ̀lẹ́, kò ní sá lọ. Ẹ lè ra dòdò Ìkirè lójú ọ̀nà. Kí olúkúlùkù ní omi mímu tirẹ̀. Gbogbo ọ̀rá àti ìgò tí ẹ bá gbé gòkè, ẹ óò gbé e sọ̀kalẹ̀.

Owó wàyí. Ibí yìí ni a ti jẹ́ ìsípẹ́kítọ̀.

Ìrìn-àjò ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìpín, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ owó rìsáàfù, èyí tí òfin ní kí á máa kó ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdọọdún sí. Ìdí rẹ̀ kò le. Ìyá kan wà ní Ọjà'ba tí ó ti ń dáwó fún ogún ọdún, orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé ìsàlẹ̀ òkè mọ́. Bí ẹ bá fi owó àpapọ̀ háyà ọkọ̀, owó rẹ̀ ni ẹ fi gbé ọmọkùnrin tí ó wọ ẹgbẹ́ lóṣù tí ó kọjá lọ ṣeré. Kò ní sọ̀rọ̀ nípàdé, ojú á tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń gba owó rẹ̀ jáde lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ kò ní mọ ohun tí ó lé e. Irú ìyá yìí ni ó gbé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ró láti ìgbà tí òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ní ilẹ̀ yìí ní 1935.

Ẹni tí ó ń lọ ni yóò sanwó. Ẹ ṣí ojú ìwé ọ̀tọ̀ fún un nínú ìwé owó, kí risíìtì rẹ̀ dá yàtọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12 sí ọjọ́ náà, kí olúkúlùkù máa dá a díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń dájọ. A kò fẹ́ gbọ́ ẹ̀yáwó ìrìn-àjò. Ẹni tí kò bá lè kó o jọ ní ọ̀sẹ̀ 12, kí ó dúró de èyí tí ń bọ̀.

Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ fi ń pàdánù owó jù lórí irú nǹkan báyìí ni pípín owó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí á wí pé ọkọ̀ gba èrò 30. Akọ̀wé yóò fi 30 pín iye tí wọ́n háyà rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ènìyàn 24 ni yóò dé. Ẹnì kan ní òde ìnáwó, ọmọ ẹnì kan ní ibà, ẹnì kan sùn lọ. Ta ni yóò san ti ènìyàn 6? Àpò ẹgbẹ́ ni. Ẹ fi 24 pín in láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí 30 bá sì san, ẹ ó ní àjẹkù tí ẹ ó pín padà fún wọn, inú wọn á dùn. Kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé gbogbo rẹ̀ nítorí ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ 2, kò sí ìdápadà owó mọ́, àyàfi bí ẹni náà bá mú arọ́pò wá. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ka ọjà ọjọ́ kan tí ẹ kò ní tà mọ́ ìnáwó yín pẹ̀lú, kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Ti ọkọ̀, ìwé àdéhùn ni kí ẹ bá onímọ́tò tọwọ́ bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí iye owó náà jẹ́ ti odidi ọjọ́, kí dẹ́rẹ́bà má baà máa sáré nítorí èrò mìíràn tí ó ń dúró dè é. Kí ẹ wo táyà àti iná ọkọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹni tí yóò wà á sì sùn ní òru ọjọ́ náà. Ẹ fi oúnjẹ tirẹ̀ kún ètò. Kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú báńdéèjì, oògùn ojú ọgbẹ́, àti oògùn tí olúkúlùkù ń lò nílé.

Sátidé ni ọjọ́ tí ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwa náà mọ̀ pé Sátidé ni ọjọ́ òde ní Ìbàdàn. Ẹ mú Sátidé kan ní oṣù Kọkànlá, ẹ kéde rẹ̀ kí àwọn ọlọ́dẹ àriyá tó kéde tiwọn. Bí ìjọba bá fi Sátidé kan sí gbígbá àyíká, ẹ yẹra fún un, nítorí wọn kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ rìn ní òwúrọ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Kérésì, Àjíǹde àti Iléyá pẹ̀lú. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ tí ọ̀nà tóóró òkè á há, tí ẹni tí ń gòkè àti ẹni tí ń sọ̀ á máa ti ara wọn.

Àpẹẹrẹ ìwé ètò wà lọ́wọ́ wa níhìn-ín. Aago ìyípadà ni ó wà ní ìlà kìn-ín-ní rẹ̀, aago ìgbéra ni ó wà ní ìlà ìkẹyìn. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá kún un, kí ó mú un wá sí ọ́fíìsì wa kí ìpàdé gbogboogbò yín tó jókòó lé e lórí, kí á bá yín yẹ ìṣirò rẹ̀ wò. Àwọn tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹsẹ̀ wọn wò, ìsàlẹ̀ òkè Màpó ni kí wọ́n ti pàdé, aago 6 òwúrọ̀ Sátidé tí ń bọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́.